Adánìkanṣe àti Àwọn Onífèrèsé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Báwo ni ara rẹ, báwo ni iṣẹ́, báwo ni àtẹ̀gùn gíga tí o máa ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé yàrá rẹ, ṣé orúnkún kì í dùn ọ́. Mo kí ọ púpọ̀. Ìyá rẹ náà kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kí ọ ju bí mo ṣe kí ọ lọ. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ọlọ́run tó dá ọ sí dòní kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ ò ní dà ọ́ láàmú, ẹni tí o bá fọkàn tán ò ní já ọ kulẹ̀. Nígbà tí mo kọ àdúrà tó gbẹ̀yìn yẹn, mo gbé bírò sílẹ̀, mo jáde lọ wo ìta kí n tó padà wá jókòó. Wàá mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá mi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí o rà fún mi yìí máa ń fi ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ hàn, mo sì ti gbìyànjú láti fi aṣọ bò ó, ohùn mi ni ìyá rẹ ní kò jáde mọ́. Mi ò fẹ́ kí o rí ojú mi nígbà tí o bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé dára. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó máa ń ké, mo ti fi epo sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, báńkì kọ̀wé sórí fóònù mi pé àwọn ń bá mi yọ ayọ̀ ọjọ́ ìbí, pé èèyàn pàtàkì ni mo jẹ́ sí àwọn. Orí mi wú. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ síbẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Mo tò fún bíi wákàtí kan, nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì béèrè bóyá mo fẹ́ san owó sínú ni àbí mo fẹ́ gbà á, mo ní rárá o, mo wá dúpẹ́ ni. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tí mo bá wá, mo kọ “ọpẹ́”, níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ iye rẹ̀, mo kọ “púpọ̀”. Ó wo fọ́ọ̀mù náà títí, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ sílé, àwọn á dá mi lóhùn. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Nípa áńgẹ́lì tí o ní ẹ ń dúró dè, ẹni tó fẹ́ fi owó sínú iléeṣẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, à ń gbàdúrà sí i. Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá òótọ́ ni pé ó ní àfi kó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ náà kó tó ṣe ohunkóhun, nítorí àwọn áńgẹ́lì tí òun ti ń gbọ́ nípa wọn láti kékeré kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà mi.

Ó yá, ẹ̀gbẹ́ ni mo ń gbà, jẹ́ kí n bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Ṣé o rántí ọ̀sẹ̀ tí o wá sílé, tí o ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe nǹkan kan tí aláìsàn á fi máa gba nọ́ńbà ilé ìwòsàn láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí kò fi ní í lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì látàárọ̀ dọ̀sán. Mo ní ó dáa, nítorí mo ti jókòó sórí bẹ́ńṣì bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó kàn án ò sì fá a dáadáa. O ní ẹ̀yin méjèèjì ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan náà sínú fóònù, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan wà tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, iléeṣẹ́ kan sì wà tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlógún. O ní ti ọkùnrin yẹn, òun gan-an lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, òun gan-an ló máa fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ti iléeṣẹ́, bí ẹnìkan ò bá sí, ẹlòmíràn á wà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ yín máa bọ́ sí. O wá bi mí pé bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èwo lẹ máa mú. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí o ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, kò sí ohun tí o bi mí mọ́ àfi bóyá mo ti lo oògùn mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o gbé kọ̀ǹpútà rẹ sórí tábìlì tí a fi ń jẹun, o ní kí n jókòó tì ọ́ kí n gbọ́ wọn. Mo dé fìlà. Àwọn ará iléeṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ yọjú lójú kọ̀ǹpútà, àwọn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ní fèrèsé tirẹ̀. Mo ní ilé yìí mà tóbi o, mo tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè rí fèrèsé tó kù, o ní bàbá, ẹ jókòó dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Onífèrèsé. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn de táì, ohunkóhun tí o bá béèrè, ó ní àwọn á ṣe é. Mo ní èyí lọmọ èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tó ń dá ṣiṣẹ́ yẹn yọjú, ẹni tí mo sọ ní Adánìkanṣe. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tẹ́ ẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Kàkà kó dáhùn, òun ló ń béèrè. Aláìsàn tí kò mọ̀wé ńkọ́, bí iná bá lọ nílé ìwòsàn ńkọ́, ẹni tó gba nọ́ńbà tó wá pẹ́ dé, ta ló máa gba ipò rẹ̀. Ó tún ní apá kan wà nínú iṣẹ́ náà tí òun ò ṣe irú rẹ̀ rí, òun máa kọ́kọ́ kọ́ ọ. Mo ní sínú ara mi pé oníṣẹ́ wo ló ń sọ fún oníbàárà pé òun ò ṣe irú rẹ̀ rí. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi, mo sì ti gba iṣẹ́ tí mi ò mọ̀ rí bíi mélòó kan.

Nígbà tí ẹ parí, o ní ọkàn rẹ fà sí Adánìkanṣe, ti nọ́ọ̀sì náà sì fà sí i. Mo ní àjèjé ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí. O rẹ́rìn-ín, o ní bàbá, ẹ̀yin náà ṣáà ń dá ṣiṣẹ́. Mo ṣí fìlà mi, mo bọ́ síta.

Ohun tí o ò mọ̀ ló kù yìí. Lọ́jọ́ kejì, fóònù rẹ kú, atúnfóònùṣe ní kó di ọ̀la, o wá fún Adánìkanṣe ní nọ́ńbà mi pé kó pè ọ́ lórí rẹ̀ kí ẹ fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. O lọ ṣe irun rẹ. O ò tíì rìn jìnnà tó fi pè. Ó kí mi dáadáa. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ pé ẹlòmíràn ti fi iṣẹ́ lọ òun, pé tìrẹ ló wu òun jù, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ dá ẹni yẹn lóhùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, tí o bá ṣì fẹ́ òun, kí o pe òun.

Mo sọ fún un pé ọmọ mi ti gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ ńlá kan, kó má wulẹ̀ dúró.

Ó wá ní ẹ ṣeun, bàbá, tí ẹ sọ fún mi, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sọ, wọ́n á kàn jẹ́ kéèyàn máa retí. Ó ní kí n bá òun kí ọ, pé ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn dáa, kí o má jẹ́ kó sú ọ.

Nígbà tí o dé, o béèrè bóyá ẹnikẹ́ni pè, mo ní rárá. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ojú rẹ ń rẹ̀wẹ̀sì. O gba fóònù ọwọ́ mi, o fẹ́ pè é, mo ní a kì í lé oníṣẹ́ kiri, pé bó bá ti ń ṣe báyìí kó tó gba iṣẹ́, kí ló máa ṣe bó bá gbà á tán. O gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnu mi ló mú ọ gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, o fọwọ́ sí ìwé àwọn Onífèrèsé.

Má rò pé mo mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà tó mú mi ṣe é. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, èyí tí mi ò sọ fún ọ rí.

Nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹta, iléèwé yín gbé iṣẹ́ ogún bẹ́ńṣì fún mi. Wọ́n kó pákó wá. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti gba bẹ́ẹ̀dì méjì lọ́wọ́ ẹnìkan àti kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mi ò sì lè lanu sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ọwọ́ mi ti kún. Bí olùkọ́ yín bá ti ń bọ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, màá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jáde, màá lọ dúró sẹ́yìn ògiri títí wọ́n á fi lọ, lẹ́búlẹ́bú pákó á wà ní gbogbo irun mi. Sáà kan gbáko ni ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ fi jókòó sórí símẹ́ńtì. Ìyá rẹ ń fọ aṣọ iléèwé rẹ, ó ń rí erùpẹ̀ nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó kàn ń wò mí. Lọ́jọ́ kan o délé, o ní olùkọ́ ní ẹni tó ń kan bẹ́ńṣì àwọn ti rìnrìn àjò. O ò mọ̀ pé èmi ni. Mo ní kó o ṣe sùúrù, ó máa dé.

Nígbà tó yá, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù wá kó pákó wọn, káfíńtà mìíràn ló kàn án. Bóyá o ti wá gbọ́, bóyá o ò gbọ́, a ò sọ ọ́ nínú ilé yìí rí.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ọkùnrin tó dá jókòó pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí kò tẹ́, ara mi ni mo rí. Mo ní ọmọ mi ò ní bọ́ sọ́wọ́ irú mi. Mo rò pé mò ń gbà ọ́ sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tí n bá máa sọ òdodo dé ìdí, inú ló tún bí mi pé ó rọrùn fún un láti sọ pé òun ò mọ ọ́n, nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè jáde lẹ́nu tèmi títí mo fi darúgbó.

O wá pè mí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. O ní láti ọjọ́ tí o ti fọwọ́ sí ìwé, o ò rí onítáì mọ́. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti di iṣẹ́ náà mú, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn láti dán an wò, aláìsàn mẹ́ta ló gba nọ́ńbà keje lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá àgbàlagbà kan tí àyà ń dùn jókòó títí wọ́n fi tilẹ̀kùn, ó padà sílé láìrí dókítà. A dúpẹ́ pé ìyá náà jí dáadáa lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní kí ẹ kó nǹkan yín kúrò. O ní kòkòrò ló wà nínú iṣẹ́ náà. Mo ní kòkòrò ò le, o rántí pé mo fi ìgò oògùn tí mo fi ń kun pákó rán onímọ́tò sí ọ. Ìyá rẹ ti wá ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, àṣìṣe inú iṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́ má dà á sára kọ̀ǹpútà.

O ní ọ̀rẹ́ rẹ nọ́ọ̀sì kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní ìgbéraga rẹ ló lé Adánìkanṣe lọ. O sunkún. O ní bàbá, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún ọkùnrin yẹn. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo di fóònù mú, mo ní bẹ́ẹ̀ layé ṣe rí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wà lọ́jà, ọwọ́ mi ni mo sì fi wọ́ orí ọmọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní ìgbà kejì nìyí tí mo máa mú ọmọ náà jókòó sílẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ tán, ó bọ́ sí yàrá.

Ọjọ́ kejì ni mo pe Adánìkanṣe, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù mi. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ irọ́ tí mo pa. Mo ní kó tètè bú mi kí káàdì mi tó tán. Ó ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn ohun tí òun sọ tó bí ọ nínú. Ìwọ níbì kan, òun níbì kan, kálukú ń wá ẹ̀bi ara rẹ̀ kiri. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó wá gbà ọ́. Ó ní rárá. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ẹni tó gbé e fún òun, ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀, pé tí òun bá sá lórí iṣẹ́ ẹni yìí nítorí tìrẹ, kí lo máa fi gba òun gbọ́. Mo jókòó sórí àpótí ìṣó mi. Ẹni tí mo pè ní irú mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun lè bá ọ wo ohun tí àwọn Onífèrèsé ṣe, kó mọ èyí tó ṣeé tún ṣe. Ó ní kí o má bá wọn jà, iléeṣẹ́ mìíràn wà tó dáa ju òun lọ tí iṣẹ́ bá tóbi, kódà obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wọn tó mọṣẹ́, bó ṣe júwe rẹ̀, òun ló wà ní fèrèsé kẹta lọ́jọ́ yẹn, tí o bá lè rí i, kí o bá a sọ̀rọ̀. Ó tún béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Mo ní o mú un lọ nígbà tí o ń lọ. Ó ní kì í ṣe tilé, pé àwọsánmà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó iṣẹ́ náà pamọ́ sí, tí kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ò bá sí lọ́wọ́ rẹ, bí o bá tiẹ̀ fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́ wọn, kò ní ṣeé gbà. Lọ gbà á. Mo bi í bí òjò bá rọ̀ ńkọ́, ó ní òjò ò ṣe é.

Èmi ò ní sọ fún ọ mọ́ pé èwo ni kí o mú. Ohun tí mo mọ̀ láti ìdí ayùn ò ju pé kéèyàn béèrè ẹni tó máa di òòlù mú gan-an, kó rí iṣẹ́ kan tó ti parí rí, kó sì kọ́kọ́ fún un ní nǹkan kékeré ṣe, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, kó tó gbé odindi ilé fún un. Ì báà jẹ́ ẹni kan, ì báà jẹ́ mẹ́tàdínlógún.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan, ojú sì ń tì mí láti bẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti àlọ nìkan, màá wá ti àbọ̀ fúnra mi. Mo fẹ́ wá bá nọ́ọ̀sì ní ibi iṣẹ́ yín, kí n dúró níwájú rẹ̀ kí n sọ fún un pé kì í ṣe ìwọ. Bí o bá rò pé kò ní lè dúró dè mí, ka lẹ́tà yìí sí i létí, má fo ìlà kankan, pàápàá ibi tí mo ti sọ fún ọ pé rárá, kò sẹ́ni tó pè. Bí ìwọ náà bá sì ń bínú, má fi pamọ́ fún mi nítorí pé mo jẹ́ bàbá rẹ. Mo gbà á.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á dúró. Ọ̀rẹ́ tó bínú á padà bá ọ rẹ́rìn-ín. Aláìsàn á torí ohun tí o ṣe rí ìwòsàn, wọn ò ní mọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa súre fún ọ. Ọjọ́ tí o bá bí ọmọ tìrẹ, tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè tí o ò mọ̀, Ọlọ́run á fún ọ ní ẹnu tí wàá fi sọ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.